Ìtàn Ìgbésí Ayé Edsger Dijkstra

Ẹ jẹ́ kí a rò ó pé obìnrin méjì ń se ọbẹ̀ kan náà ní ìdáná agboolé kan ní Pápá Àjàó. Ìyálé tọ́ ọbẹ̀ wò, kò sí iyọ̀ níbẹ̀. Ó bá wọ yàrá lọ láti bu iyọ̀ wá. Kí ó tó dé, ìyàwó tọ́ ọ wò, òun náà kò rí iyọ̀. Ó bá gba yàrá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn méjèèjì bu iyọ̀ tiwọn sí i tán, ọbẹ̀ kò ṣe é fi ẹnu kàn mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni olúkúlùkù wọn ṣe ohun tí ó tọ́ lójú ara rẹ̀. Ohun tí ó tún burú níbẹ̀ ni pé, bí wọ́n bá tún se irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́la, ó lè dùn, nítorí pé ìyálé lè ti dé kí ìyàwó tó tọ́ ọ wò. Irú àṣìṣe báyìí, tí ń yọjú lónìí tí ń sá pamọ́ lọ́la, ni Edsger Dijkstra bá jà nínú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ní ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀.

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù karùn-ún ọdún 1930 ni a bí i ní ìlú Rotterdam ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì. Olùkọ́ tí ó mọ ìmọ̀ kẹ́místrì ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ onímọ̀ ìṣirò. Ọdún mẹ́wàá ni ó pé nígbà tí bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì run àárín ìlú náà ní 1940. Ó ti kọ́kọ́ ní i lọ́kàn láti kọ́ ìmọ̀ òfin, ṣùgbọ́n máàkì rẹ̀ nínú sáyẹ́ǹsì dára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi rọ̀ ọ́ láti yí ọkàn padà. Ó lọ sí Yunifásítì Leiden láti kọ́ ìṣirò àti físíìsì.

Ní 1952, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ilé Ìṣirò ní Amsterdam, níbi tí ó ti ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ náà ṣe tuntun tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, nígbà tí ó fẹ́ ìyàwó ní 1957, àwọn aláṣẹ ìlú kọ̀ láti kọ ọ́ sínú ìwé ìgbéyàwó. Onímọ̀ físíìsì ni wọ́n kọ síbẹ̀. Kí ó tó ṣe ìgbéyàwó ni òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ jókòó sí ilé kọfí kan, tí ó fi nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ronú kan ọgbọ́n tí a fi ń wá ọ̀nà tí ó kúrú jù lọ láti ìlú kan dé òmíràn. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1959.

Ní àkókò náà, wọ́n ń ṣe ẹ̀rọ tuntun kan tí a ń pè ní X1. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí a so mọ́ ọn lè dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró nígbàkúùgbà láti béèrè àfiyèsí. Ẹ̀rù ba Dijkstra, nítorí ó mọ̀ pé ibi tí ìdílọ́wọ́ náà yóò ti bọ́ sí lónìí kọ́ ni yóò bọ́ sí lọ́la, àti pé àṣìṣe tí a kò lè rí lẹ́ẹ̀mejì ṣòro láti mú. Síbẹ̀ ó kọ ètò tí ó kápá ọ̀ràn náà, ó sì fi iṣẹ́ yìí gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1959.

Ní 1962, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Eindhoven. Níbẹ̀ ni ó ti gbé ọgbọ́n sẹ́máfọ̀ kalẹ̀. Láti ara apá àmì ojú irin ni ó ti mú orúkọ náà. Ẹni tí ó bá ti dúró lẹ́bàá ojú irin láti Yaba dé Oshodi mọ̀ pé ọkọ̀ méjì kò gbọdọ̀ wà lójú kan náà lórí irin kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: èyí tí àmì bá dá dúró gbọ́dọ̀ dúró títí tí èkejì yóò fi kọjá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Dijkstra ṣe fún àwọn ètò tí ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ìbá ṣe pé ìyálé fi àmì sí ẹnu ọ̀nà ìdáná, ọbẹ̀ ì bá tí bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n dídúró pẹ̀lú ní ewu tirẹ̀. Ní 1965, ó fi irú ewu náà ṣe ìbéèrè nínú ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Tony Hoare ni ó sì wá fi ìtàn wọ̀ ọ́ láṣọ. Amòye márùn-ún jókòó yí tábìlì kan ká. Fọ́ọ̀kì márùn-ún ni ó wà láàárín wọn, ẹnì kan kò sì lè jẹun láìmú méjì. Bí gbogbo wọn bá mú ti ọwọ́ òsì lẹ́ẹ̀kan náà, tí olúkúlùkù sì ń retí ti ọwọ́ ọ̀tún, ebi ni yóò pa wọ́n kú nídìí oúnjẹ.

Ní 1968, ó kọ ìròyìn nípa ètò ńlá kan tí òun àti àwọn díẹ̀ ṣe ní Eindhoven. Ìpele lórí ìpele ni wọ́n fi kọ́ ọ, bí ẹni ń mọ ilé. Wọn kì í gun èyí tí ó wà lókè láìjẹ́ pé wọ́n ti dán ti ìsàlẹ̀ wò dáadáa. Àwọn àṣìṣe wẹ́wẹ́ nìkan ni wọ́n rí, nǹkan bí ẹyọ kan nínú 500 àṣẹ. Ó kọ́ni pé bí a bá tọ́ ọbẹ̀ wò nígbà ọgọ́rùn-ún tí ó dùn, kò túmọ̀ sí pé iyọ̀ kò ní í pọ̀ jù ní ìgbà kọkànlélọ́gọ́rùn-ún. Nítorí náà, ìrònú gbọ́dọ̀ ṣáájú ìdánwò.

Ó gba ẹ̀bùn Turing ní 1972. Ní 1984, ó lọ di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Texas ní Amẹ́ríkà. Gègé ni ó fi kọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n lé ní 1,300. Ó kú ní ilé rẹ̀ ní Nuenen, Nẹ́dálándì, ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 2002.

Lónìí, kọ̀ǹpútà kan lè gbé ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àfarawé sínú, kí olúkúlùkù sì máa rò pé òun nìkan ni ó ni ẹ̀rọ. Àwọn tí ń dán irú ètò bẹ́ẹ̀ wò a máa kọ àwọn àṣẹ tẹ̀léra sínú ìwé kékeré tí a ń pè ní shell script. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ nínú wọn kì í dán an wò lẹ́ẹ̀kan kí ó lọ sùn; ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò ta gbogbo wọn jí lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ka ìṣẹ́jú lásán kí ó gbà pé iṣẹ́ ti parí. Àmì pé ó parí ni yóò dúró dè. Yóò dá gbèdéke fún ìdúró náà, kí àwọn amòye má baà jókòó ti fọ́ọ̀kì di òwúrọ̀. Yóò kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, yóò sì gbá ilẹ̀ ibi iṣẹ́ mọ́ kí ìdánwò mìíràn tó wọlé.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wò ó bí ẹ̀rù tí ọkùnrin yìí bà ṣe di ọgbọ́n fún gbogbo ayé. Kò sá fún un, kò sì fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ó jókòó, ó rò ó jinlẹ̀. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.