Alfred Butts, Ọkùnrin Tó Jókòó Ka Lẹ́tà

Kò sí ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tí ẹ ò ní rí àwọn tó ń ta Scrabble lẹ́yìn kíláàsì wa, ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi wọ́n pé ta ló dá a sílẹ̀, ẹnu á wọhò. Alfred Mosher Butts ni.

Ìlú Poughkeepsie, ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1899. Lọ́yà ni bàbá rẹ̀, tíṣà sì ni ìyá rẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní Yunifásítì Pennsylvania, ó sì ríṣẹ́ sí New York. Nígbà tó di ìparí ọdún 1929, nǹkan dojú rú. Báǹkì ń ti ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó ń kọ́lé mọ́, ẹni tí kò sì kọ́lé, kí ló fẹ́ fi ayàwòrán ilé ṣe? Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ Butts nìyẹn. Ó jókòó sílé, ó ń ronú ohun tó lè mówó wọlé.

Ibi tó wú mi lórí jù rèé. Ó gbé ìwé ìròyìn New York Times, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà ojú ewé àkọ́kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: E mélòó, A mélòó, Q mélòó. E ló pọ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí E fi jẹ́ 12 nínú ẹyọ 100 tó wà nínú àpò Scrabble títí dòní, tí Q àti Z sì jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, máàkì 10. S ló mọ̀ọ́mọ̀ dín kù sí 4, torí ẹni tó bá ní i á kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, á gba máàkì ọ̀fẹ́. Ká ní ìwé ìròyìn Yorùbá ló ń kà ni, wàhálà yẹn ò ní sí. Ilé kan, ilé mẹ́wàá, ilé náà ni. C, Q, V, X àti Z ò tiẹ̀ ní wọnú àpò rárá.

Lexiko ló kọ́kọ́ pè é, nígbà tó di 1938 ó pè é ní Criss-Cross Words. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń ṣe é. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ láwọn ò fẹ́. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ó ń bá àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Jackson Heights ta á. Ìyàwó rẹ̀ Nina, tíṣà ni òun náà, máa ń nà án dáadáa, torí Butts fúnra rẹ̀ ò mọ sípẹ́lì tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé Scrabble kì í ṣe ti ọmọ tí wọn ò sọ òyìnbó nílé rẹ̀, ṣé ẹ gbọ́?

Ní 1948 James Brunot gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló sọ ọ́ ní Scrabble. Ní 1949 Brunot ṣe 2,400, ó sì pàdánù dọ́là 450. Láti 1952 ni ọjà ṣàdédé yí padà, mílíọ̀nù mílíọ̀nù ni wọ́n ń rà. Nǹkan bíi sẹ́ǹtì 3 ló ń kan Butts lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lójú tèmi, ó kéré. Ó kú ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1993, ó ku ọjọ́ 9 kó pé ẹni ọdún 94.

Kò sí láyé mọ́ nígbà tí ọmọ Nàìjíríà, Wellington Jighere, gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé ní Perth, Australia, ní 2015. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á lédè òyìnbó. Ó na Lewis Mackay láti England ní 4 sí òdo, FELTY sì wà nínú ọ̀rọ̀ tó tẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, máàkì 36. Ẹ ka lẹ́tà inú rẹ̀: márùn-ún péré. Ọgbọ́n àwọn ọmọ Nàìjíríà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ gígùn máa ń kó gbogbo lẹ́tà dáadáa lọ, á sì ṣínà fún ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ta á. Òótọ́ ni pé ẹni tó bá lo méjèèje lẹ́ẹ̀kan ń gba 50 lé e, àmọ́ ẹ̀ẹ̀melòó ló ń ṣẹlẹ̀? Ọlọ́rọ̀ lẹ́tà márùn-ún á ṣì fi méjì tó wù ú pamọ́.

Ọgbọ́n yìí náà ni àwọn ọmọ tó wá láti Oǹdó fi nà wá ní tẹ́ẹ̀mù tó kọjá. Àwa ń wá ọ̀rọ̀ gígùn kiri, àwọn ń kó máàkì jọ. Àwa la máa lọ bá wọn ní tẹ́ẹ̀mù yìí, ẹ má sì fojú pé Àkúrẹ́ ni olú-ìlú wò ó, ìyẹn ò sí nínú máàkì. Tí A, E, I, O, U bá tán lọ́wọ́ yín, ẹ rántí MYRRH, ìyẹn òjíá tí àwọn amòye gbé wá fún Jésù. NYMPH, CRYPT, GYPSY àti LYMPH inú Bayọ́lọ́jì náà ń bẹ. Tí Q bá há sí yín lọ́wọ́ láìsí U, ẹ wo NIQAB táwọn obìnrin Mùsùlùmí kan fi ń bojú, kẹ́ ẹ fi FAQIR, QANAT àti TRANQ kún un. Gbogbo wọn, lẹ́tà márùn-ún, márùn-ún.