Olóyè Oyin Adéjọbí: Òṣèré tí Kò Fi Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Pamọ́

Ẹ̀yin Yorùbá tí ń gbé Monrovia, ǹjẹ́ ẹ rántí Kóòtù Aṣípa, eré ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ orí tẹlifíṣọ̀n NTA Ìbàdàn? Olóyè Oyin Adéjọbí ló ni eré náà. Ọdún 1926 ni a bí i, ó sì di olóògbé ní ọdún 2000. Arọ ni, ní ayé tí ọ̀pọ̀ òbí ń ti ọmọ arọ mọ́ ìyẹ̀wù kí àlejò má baà rí i. Òun ní tirẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣèré sílẹ̀, ó kọ eré, ó sì jáde síta gbangba lórí ìtàgé, lórí tẹlifíṣọ̀n àti nínú sinimá.

Sinimá tí ó fi lókìkí jù ni Orogún Adédigba, ìtàn ìgbésí ayé òun fúnra rẹ̀. Orúkọ yìí nìkan tó láti rán yín létí ẹni tí a máa ń di ẹ̀bi rù bí ẹsẹ̀ ọmọ bá rọ. Èmi kò ní bá àgbà òṣèré jiyàn lórí ìtàn ara rẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mo kọ́ ni ó mú mi sọ pé àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ di arọ láìsí ọwọ́ orogún nínú rẹ̀. Kò ní ìwòsàn, àjẹsára ni ó ń dènà rẹ̀. Làìbéríà àti Nàìjíríà ni ó kọ́kọ́ lo àjẹsára tuntun, nOPV2, ní oṣù kẹta ọdún 2021.

Bí apá tàbí ẹsẹ̀ ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 15 bá ṣàdédé rọ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n lè yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò.