Ibn Hazm, Àáfà Tí Ó Yẹ Tàórátà Wò

Ẹni tí a mú wá lóṣù yìí ni Ali ọmọ Ahmad, tí ayé mọ̀ sí Ibn Hazm. Ìlú Cordoba ní ilẹ̀ Sípéènì ni wọ́n ti bí i ní ọdún 384 Híjírà, èyí tíí ṣe 994.

Ilé ọlá ni wọ́n bí i sí, ìjòyè ọba ni bàbá rẹ̀. Àwọn obìnrin inú ilé ló kọ́kọ́ kọ́ ọ ní Al-Kùránì, ewì àti ìkọ̀wé (kí ẹ̀yin arábìnrin wa má gbàgbé èyí). Nígbà tí ogun abẹ́lé dé, wọ́n kó ilé wọn, bàbá kú ní 1012, ọmọ sì sá kúrò nílùú. Ó wẹ̀wọ̀n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbà tó yá, ó fi òṣèlú sílẹ̀, ó gbájú mọ́ ìmọ̀.

Ìwé rẹ̀ Al-Fisal ni a fẹ́ dúró lé. Ohun tí àwọn Yahúdì àti Nàsárà gbà nígbà náà ni pé Ànábì Mùsá fúnra rẹ̀ ló kọ ìwé márùn-ún tí wọ́n ń pè ní Tàórátà. Ibn Hazm kò gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn lásán. Ó ka ìwé náà, ó sì bá Ibn al-Naghrila, ọ̀mọ̀wé Yahúdì, jíròrò ní 404 Híjírà.

Ó ṣe ìṣirò. Ìwé náà ní 400 ọdún ni irú-ọmọ Ibrahim yóò fi jìyà nílẹ̀ àjèjì. Ìwé kan náà ló ní Kohati bá Yakubu wọ Íjíbítì. Kohati lo 133 ọdún láyé, Amramu ọmọ rẹ̀ lo 137, Mùsá ọmọ Amramu sì jẹ́ ẹni 80 ọdún kí wọ́n tó jáde. Ẹ ro ó pọ̀: 350 ni. Ká tilẹ̀ ní ọjọ́ tí bàbá kú ni wọ́n bí ọmọ, kò pé 400. Níparí ìwé karùn-ún ẹ̀wẹ̀, ikú Mùsá ló wà níbẹ̀, àti pé ẹnikẹ́ni kò mọ sàréè rẹ̀ títí di òní. Ta ló kọ ìyẹn? Àwọn Yahúdì ní èsì, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n: Jóṣúà ló kọ ẹsẹ mẹ́jọ ìkẹyìn. Ní ti Ibn Hazm, Esra ló kọ gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti wó ilé ìjọsìn wọn.

Ó ju 600 ọdún lọ lẹ́yìn rẹ̀, ní 1670, kí Spinoza, ọmọ Yahúdì ní Họ́láńdì, tó nàka sí Esra bákan náà. Ní 1878, Wellhausen ará Jámánì ní ìwé mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n hun pọ̀. Títí dòní ni wọ́n ń jiyàn lé e ní yunifásítì.

Ẹnu ni àbùkù Ibn Hazm. Ó bú àwọn Yahúdì kọjá ààlà, ó bú àwọn àáfà ẹgbẹ́ rẹ̀ náà, a kò sì fara mọ́ ọn. Onímímọ̀ bíi Fakhr al-Din al-Razi tilẹ̀ tẹ̀ sí i pé ìtumọ̀ ni wọ́n yí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú yín ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ló ní ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ọ̀rọ̀ bá dé, ìṣirò rẹ̀ ni kí ẹ mú, ẹ fi èébú rẹ̀ sílẹ̀.

Ọba Seville dáná sun àwọn ìwé rẹ̀. Ó padà sí abúlé ìdílé rẹ̀ nítòsí Niebla, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ tí kò bẹ̀rù láti wá, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 456 Híjírà (1064). Al-Fadl ọmọ rẹ̀ sọ pé ohun tí bàbá òun fọwọ́ ara rẹ̀ kọ tó 400 ìdìpọ̀, ó sún mọ́ 80,000 ewé.