Louis Chevrolet: Ọkùnrin Tí Ó Pàdánù Orúkọ Ara Rẹ̀

Bí ènìyàn bá kú, orúkọ rẹ̀ ni ó ń fi sílẹ̀ fún ayé. Ti Louis Chevrolet kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ kòrókòró ni orúkọ rẹ̀ fi di ohun ìní ẹlòmíràn. Orúkọ náà wà lára àìmọye ọkọ̀ tí ó ti rìn káàkiri àgbáyé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ín kò jẹ nínú ọrọ̀ ńlá tí ó ti ibẹ̀ jáde. Síbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kan wà tí kò fi orúkọ ara rẹ̀ pè, tí àwọn tí ń tún ọkọ̀ àtijọ́ tò ṣì ń wá kiri títí di òní.

Ìlú La Chaux-de-Fonds ní Súwísáláǹdì, ìlú àwọn oníṣẹ́ aago, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 1878. Oníṣẹ́ aago ni bàbá rẹ̀ pàápàá. Ọmọdé ni Louis wà nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ ṣí lọ sí Beaune ní ilẹ̀ Faransé. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ títúnṣe, tí ó sì ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi kẹ̀kẹ́ sáré ìje. Ní ọdún 1900, ó dágbére fún ará ilé, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó di Montreal ní Kánádà. Láìpẹ́ ó kọjá sí New York, ó rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ De Dion-Bouton, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ àwọn ará Faransé. Gẹ́gẹ́ bí ó ti ń rí fún ẹni tí ó bá rí ibi dúró sí ní ìdálẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì, Arthur àti Gaston, tọ̀ ọ́ wá.

Ní ọdún 1905, Louis wa ọkọ̀ Fiat nínú ìdíje kan ní New York, ó sì sá máìlì kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá tí kò pé 53. Láti ọjọ́ náà ni òkìkí rẹ̀ ti kàn. William Durant, ẹni tí ó dá General Motors sílẹ̀ ní ọdún 1908, gbà á láti máa wa ọkọ̀ Buick nínú eré ìje. Ní ọdún 1909 ó gba ife ẹ̀yẹ Cobe ní ìpínlẹ̀ Indiana.

Nígbà tí àwọn oníbáńkì gba agbára General Motors lọ́wọ́ Durant ní ọdún 1910, ó ronú pé orúkọ asáré tí gbogbo ènìyàn mọ̀ yóò ta ọjà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ọdún 1911, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Chevrolet fìdí múlẹ̀ ní Detroit. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí Louis ṣe níbẹ̀ tóbi, ó lẹ́wà, ó ní sìlíńdà mẹ́fà, owó rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 2,150. Ní àkókò náà, owó Ford Model T kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta owó yìí. Durant fẹ́ ọkọ̀ pọ́ọ́kú tí mẹ̀kúnnù lè rà. Louis kò fẹ́ kí orúkọ òun wà lára ohun tí kò gbayì lójú òun. Àárín wọn dàrú. Nígbà tí ó fi di ọdún 1915, Louis ti kúrò, ó sì ti ta ìpín rẹ̀. Ìpín ilé iṣẹ́ Chevrolet gan-an ni Durant fi ṣe pàṣípààrọ̀ tí ó fi tún gba General Motors padà ní ọdún 1916. Owó ìpín lọ, orúkọ náà kò sì padà.

Nígbà tí Louis tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀, kò lè pè é ní Chevrolet mọ́. Ó sọ ọ́ ní Frontenac, orúkọ gómìnà kan láyé àtijọ́ ní Kánádà. Ní ọdún 1920, Gaston fi ọkọ̀ Monroe tí Louis ṣe gba ipò kìn-ín-ní nínú eré ìje máìlì 500 ní Indianapolis. Ayọ̀ náà kò pé ọdún tí ọ̀fọ̀ fi dé: ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, Gaston kú nínú ìjàǹbá níbi eré ìje ní Beverly Hills. Ọmọ ọdún 28 ni. Ní ọdún 1921, Tommy Milton tún fi Frontenac gba ipò kìn-ín-ní ní Indianapolis, ṣùgbọ́n ìsapá Louis láti máa ta ọkọ̀ Frontenac fún ará ìlú já sí asán.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Louis àti Arthur yíjú sí ọkọ̀ Ford Model T, tí iye rẹ̀ ju mílíọ̀nù 15 lọ kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ọdún 1927. Agbára ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò ju ti ẹṣin 20 lọ. Àwọn ọ̀dọ́ ń tú ara ọkọ̀ náà dànù pẹ̀lú mọ́gáàdì rẹ̀, wọ́n ń gbé ìjókòó rẹ̀ wálẹ̀, wọ́n sì ń sọ ọ́ di ọkọ̀ asáré tí wọ́n ń pè ní speedster. Fún irú wọn ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò yìí ṣe tọ́ọ̀pù sìlíńdà tuntun, tí ó gbé fáàfù sókè kí ẹ́ńjìnì lè mí dáadáa. Ní ọdún 1923, Ford tí ó ní irú orí yìí, tí L. L. Corum wà, ṣe ipò karùn-ún ní Indianapolis láàárín àwọn ọkọ̀ olówó gọbọi.

Àwọn tí ń to speedster lónìí mọ ohun tí wọ́n ń wá nínú àkìtàn irin. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì Model T wà ní apá òsì, lókè ibi tí omi ń gbà wọlé. Òun ni ó ń sọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Bọ́ọ̀tù 15 ni ó de orí rẹ̀ àtilẹ̀wá, orí náà sì tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní fáàfù kankan. Bí fáàfù bá wà lókè, ó di dandan láti ha ìpẹtà àti gíríìsì kúrò kí á lè ka orúkọ tí wọ́n dà mọ́ irin. Bí ó bá jẹ́ Rajo, iṣẹ́ ìlú Racine ni. Bí ó bá jẹ́ Frontenac, iṣẹ́ ọwọ́ Louis Chevrolet ni.

Ọ̀dá owó tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1929 gbá ìyókù dúkìá rẹ̀ lọ. Láàárín ọdún 1930 sí 1940, ó padà sí Detroit, ó gba iṣẹ́ nínú ilé iṣẹ́ tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, kì í ṣe bí ọ̀gá bí kò ṣe bí òṣìṣẹ́. Ó kú ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1941, wọ́n sì sin ín sí Indianapolis, ìlú tí Gaston ti gba adé.

Orúkọ ṣeé tà, ó sì ṣeé rà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè ra ọgbọ́n ọwọ́ ẹni lọ. Mílíọ̀nù ọkọ̀ tí ń jẹ́ Chevrolet ni Louis kò fọwọ́ kàn. Irin dúdú tí ó ń jẹ́ Frontenac, tí ó wà lábẹ́ ìpẹtà nínú ahéré àgbẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, òun ni ẹ̀rí rẹ̀.