James Aggrey àti Olùkọ́ Abúlé

Ìtàn James Aggrey la mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Anomabu, ní ilẹ̀ Ghana, ni wọ́n bí i sí ní 1875. Ó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1898, ó kàwé, ó sì di olùkọ́. Nígbà tí àjọ Phelps-Stokes rán ìgbìmọ̀ wá wo ilé-ìwé ilẹ̀ Áfíríkà ní 1920 àti 1924, Aggrey nìkan ni aláwọ̀ dúdú nínú wọn. Lẹ́yìn ìrìn àjò kejì ni owó Carnegie ti Amẹ́ríkà ran Kenya lọ́wọ́ láti dá ilé-ẹ̀kọ́ Jeanes sílẹ̀ ní Kabete, 1925, fún àwọn olùkọ́ tí yóò máa bẹ ilé-ìwé abúlé wò. Tọkọtaya ni wọ́n ń gbà. Àwọn kan kùn pé ẹ̀kọ́ oko ni òyìnbó fẹ́ fi dá wa dúró. A ò rò pé èrò Aggrey nìyẹn: iṣẹ́ oyè dókítà ló ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tó kú ní New York ní 1927.