Dúró Ládípọ̀, Olùkọ́ tí ó Di Ọba Kòso

Bí a bá ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa eré oníṣe tí ó parí sí ìbànújẹ́, orúkọ àwọn ará Gíríìkì ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa. A ó sọ̀rọ̀ Oedipus, ọba tí ó pa bàbá rẹ̀ láìmọ̀, a ó sì kọ ọ́ sínú ìwé wa pé Sophocles ni ó ṣe eré náà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Àṣáǹtí, bi mí léèrè bóyá àwa Yorùbá ní irú eré bẹ́ẹ̀ ní èdè tiwa, ojú sì tì mí nítorí pé mo ní láti ronú pẹ́ kí n tó dá a lóhùn. Láti ìgbà tí òfin ọdún 1969 ti kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ará wa kúrò ní Gánà, ìwé Yorùbá kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwa tí a wà ní Kùmásì mọ́. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ ìtàn Dúró Ládípọ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹni tí ó jẹ́ olùkọ́ kí ó tó di òṣèré.

Òṣogbo ni ìlú rẹ̀. Dúródọlá, Dúrósomọ, Dúróoríkẹ́ ni wọ́n sọ ọ́, ẹni tí ó bá sì gbọ́ Yorùbá yóò ti mọ ohun tí àwọn òbí rẹ̀ ń fi orúkọ wọ̀nyí bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe. Ó dúró. Jósẹ́fù Oní Ládípọ̀, bàbá rẹ̀, jẹ́ òṣìṣẹ́ nínú ìjọ Áńgílíkà, ó sì fẹ́ kí ọmọ náà dàgbà sínú orin mímọ́ àti ìwé kíkà. Ọmọ náà kọ orin mímọ́ nítòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ìlù bá dún ní ìgboro, tí eégún jáde, tàbí tí àwọn oníṣàngó ń jó, yóò yọ́ jáde lọ wò wọ́n. Kí a má ṣe rò pé nǹkan kékeré ni èyí ní ayé ìgbà náà. Bí a bá rí ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọ lẹ́yìn eégún, bàbá rẹ̀ ni yóò gba ìtìjú rẹ̀ níwájú àwọn àgbà ìjọ.

Ní ọdún 1943 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́. Ó kọ́ àwọn ọmọ ní Ìléṣà, lẹ́yìn náà ó lọ sí Kàdúná ní ilẹ̀ Hausa, níbi tí ó ti dá ẹgbẹ́ eléré sílẹ̀ nílé ìwé, tí ó sì sọ ọ̀kan nínú àwọn eré apanilẹ́rìn-ín Shakespeare di ohun tí àwọn ọmọ lè ṣe. Lójú tèmi, iṣẹ́ olùkọ́ yìí wúlò fún un ju bí àwọn tí ń kọ ìtàn rẹ̀ ti máa ń sọ lọ. Ẹni tí ó bá ti dúró níwájú ogójì ọmọ ní ọ̀sán gangan ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò tó láti dá ojú wọn dúró.

Nígbà tí ó padà sí Òṣogbo, ó ṣí ilé ọtí kan tí a ń pè ní Popular Bar, ó sì ń bá ìjọ ṣe orin. Ní ọdún 1961 ó ṣe orin ọdún Àjíǹde fún ìjọ All Saints, ó sì mú ìlù dùndún wọ inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn. Àwọn kan nínú ìjọ bínú pé ìlù tí a fi ń kí òrìṣà kò yẹ ní ilé Ọlọ́run. Àwọn Àṣáǹtí tí a jọ ń gbé kò nílò kí a túmọ̀ ìjà yìí fún wọn, nítorí pé atumpan tí wọ́n fi ń kí Asantehene kì í ṣe ariwo lásán. Ó ń sọ̀rọ̀, ó sì ń pe orúkọ àwọn tí ó ti kú. Àwọn àgbà ìjọ náà kò ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ rárá: wọ́n mọ̀ pé ìlù ń fọhùn.

Ládípọ̀ kò bá wọn jà. Ó gbé orin rẹ̀ jáde, ó kọ ọ́ ní ẹgbẹ́ Mbari ní Ìbàdàn. Ulli Beier, ará Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn, ràn án lọ́wọ́, ní oṣù kẹta ọdún 1962 sì ni ilé ọtí náà di ilé eré. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari, ṣùgbọ́n àwọn ará Òṣogbo gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ tiwa, wọ́n sì sọ ọ́ di Mbárí Mbáyọ̀, èyíinì ni pé bí mo bá rí i, inú mi yóò dùn. Ọba Mọ́rọ̀ ni eré tí wọ́n fi ṣí i. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní 1963, ni Ọba Kò So jáde.

Ìtàn rẹ̀ kò ṣàjèjì. Àlùfáà Samuel Johnson ti kọ ìtàn Ṣàngó sínú ìwé rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921. Ṣàngó jẹ́ ọba ní Ọ̀yọ́, ó ní balógun méjì, Tìmì àti Gbọ̀nkáà, agbára wọn pọ̀ jù, ogun wọn sì ti sú àwọn ará ìlú. Ọba rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ kí ó lè yà á kúrò nítòsí. Tìmì di alágbára níbẹ̀. Ó rán Gbọ̀nkáà kí ó lọ mú un wá, ó sì mú un wá. Ó ní kí àwọn méjèèjì tún jà níwájú òun, Gbọ̀nkáà sì pa Tìmì. Nígbà náà ni Gbọ̀nkáà kọjú sí ọba fúnra rẹ̀.

Ẹ kíyèsí bí a ti hun ún. Gbogbo ìgbésẹ̀ tí ọba gbé láti ní àlàáfíà ni ó ń fa ewu súnmọ́ ọn. Kò sí ọ̀tá kankan láti òkèèrè. Ọgbọ́n tí ó fi ń sá fún ìjà ni ó bí ìjà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti Oedipus, ẹni tí ó sá fún àsọtẹ́lẹ̀ títí ó fi pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Awòran ní Òṣogbo sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí kí eré tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé láti kékeré ni ó ti ń gbọ́ orúkọ Kòso. Ọba nìkan ni kò mọ̀. Nítorí náà gbogbo oríkì tí wọ́n fi ń gbé e ga ní ìbẹ̀rẹ̀ ń dun awòran bí ó ti ń dùn mọ́ ọn.

Bí Gbọ̀nkáà àti Tìmì bá pàdé, idà kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fà yọ, ọfọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ni Gbọ̀nkáà fi mú oorun kun Tìmì. Àwọn Gíríìkì a máa jẹ́ kí ìránṣẹ́ wá ròyìn ìjà tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ládípọ̀ mú ìjà wá síwájú wa, ó sì fi ẹnu jà á. Bàtá, ìlù Ṣàngó, kì í sinmi lẹ́yìn wọn, àwọn onílù gidi ni ó sì wá lò. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe Ṣàngó: yóò di irun rẹ̀ bí ti àwọn oníṣàngó, iná yóò sì máa yọ lẹ́nu rẹ̀. Iná yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ni agbára ọba, òun náà sì ni ọba fi pa àwọn ènìyàn rẹ̀ nígbà tí inú bí i.

Ọya ni ó mú ibi tí ó dùn mí jù wá. Abíọ́dún, aya Ládípọ̀, ni ó ń ṣe é. Òun ni ó ń gba ọba nímọ̀ràn, tí ó sì ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Nígbà tí ìlú kọ ọba, a rò pé ó ku ẹnì kan fún un, ṣùgbọ́n Ọya náà yí ẹ̀yìn padà. Ẹ̀yìn èyí ni ọba pokùnso. Lẹ́yìn náà ni àrá sán, tí àwọn tirẹ̀ ké pé ọba kò so. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó jẹ́ irọ́, tí ó jẹ́ òtítọ́, tí ó sì jẹ́ orúkọ ìlú. Èmi kò tí ì rí ìparí eré kan tí ó fi ọ̀rọ̀ tí kò ju mẹ́ta lọ ṣe iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ní 1964 wọ́n ṣe é ní Berlin, ní 1965 wọ́n ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn orílẹ̀-èdè Kọmọnwẹ́ẹ̀tì. Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá jókòó wò ó, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Ní 1964 kan náà ni Ọba Wàjà jáde, ìtàn Ẹlẹ́ṣin Aláàfin tí ìjọba Òyìnbó kò jẹ́ kí ó bá ọba rẹ̀ lọ. Wole Soyinka pàápàá tún padà sórí ìtàn yìí nínú eré tí ó tẹ̀ jáde ní 1975. Ìyẹn tó ohun tí a ó kọ lọ́jọ́ mìíràn.

Ládípọ̀ kú ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta ọdún 1978. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé òjò líle rọ̀ nígbà náà, àrá sì sán. Èmi kò sí níbẹ̀, bí wọ́n ti sọ ọ́ ni mo sọ ọ́. Ọya inú eré fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Abíọ́dún kó àwọn òṣèré tí ó kù jọ, ó sì bá iṣẹ́ náà lọ.