George Reeves, Ọkùnrin Tí Ó Gbé Aṣọ Superman Wọ̀

Bí àwọn olólùfẹ́ sinimá àwọn akọni alágbára bá péjọ sí ibì kan lónìí, kì í pẹ́ kí àríyànjiyàn tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Àwọn kan yóò ní Christopher Reeve, tí ó ṣe Superman ní 1978, ni kò ní ẹgbẹ́. Àwọn mìíràn yóò dárúkọ Henry Cavill tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2013. Àwọn ọ̀dọ́ sì ti ń sọ ti David Corenswet tí ó gbé aṣọ náà wọ̀ ní 2025. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà ará Amẹ́ríkà kan bá wà níbẹ̀, tí ó ṣe ọmọdé láàárín 1952 sí 1958, yóò jẹ́ kí wọ́n sọ tiwọn tán, lẹ́yìn náà yóò dárúkọ George Reeves, kò sì ní fẹ́ gbọ́ àwíjàre kankan mọ́. Ìtàn ọkùnrin náà ni a gbé tọ ẹ̀yin olùkàwé wa wá. Kí ẹ má ṣe ṣì í mú fún Christopher Reeve: orúkọ wọn ni ó jọra, wọn kò bá ara wọn tan.

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Jánúárì 1914 ni a bí i ní Woolstock, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Iowa. George Keefer Brewer ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Kò pẹ́ púpọ̀ tí a bí i tí àárín bàbá àti ìyá rẹ̀ fi dàrú. Helen ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí ìpínlẹ̀ Illinois, lẹ́yìn èyí ó gbé e lọ sí Pasadena ní California, níbi tí ó ti fẹ́ ọkọ mìíràn tí ń jẹ́ Frank Bessolo. Ọkùnrin yìí gba ọmọ náà ṣe ọmọ ní 1927, ni George Brewer bá di George Bessolo. Nígbà tí ó di òṣèré sinimá, wọ́n tún pa orúkọ náà dà sí Reeves. Orúkọ mẹ́ta ni ó jẹ́ kí ó tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, èyí tí ayé sì wá mọ̀ ọ́n sí jù lọ kì í ṣe ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ó ń kan ẹ̀ṣẹ́, ìyá rẹ̀ kò sì fẹ́ ẹ rárá. Eré orí ìtàgé ni ó gbà á kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ́, nítorí ó wọ Pasadena Playhouse, ó sì kọ́ iṣẹ́ náà dáadáa. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò burú. Ní 1939 ó hàn nínú Gone with the Wind, ọ̀kan nínú àwọn sinimá tí ó lókìkí jù lọ láyé. Òun àti Fred Crane ni wọ́n ṣe àwọn ìbejì Tarleton. Wọ́n rẹ irun wọn di pupa, wọ́n sì wà pẹ̀lú Vivien Leigh ní ìbẹ̀rẹ̀ eré náà gan-an. Ní 1943 ni ó tún ṣe olólùfẹ́ Claudette Colbert nínú So Proudly We Hail!, sinimá àwọn nọ́ọ̀sì ojú ogun. Mark Sandrich ni ó darí rẹ̀, ó sì ní ìrètí ńlá lórí ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n ogun kò jẹ́ kí ìrètí náà so èso. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n pe Reeves sí iṣẹ́ ológun, wọ́n sì fi í sínú ẹgbẹ́ òṣèré àwọn ọmọ ogun òfuurufú. Kí ó tó dé, Sandrich ti kú ní 1945. Àwọn ọ̀dọ́ mìíràn sì ti gba ààyè rẹ̀ ní Hollywood. Iṣẹ́ tí ó ń rí kò tó nǹkan mọ́. Ní 1949 ó ń ṣe Sir Galahad nínú sinimá olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń fi hàn ní apá kọ̀ọ̀kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní 1950 òun àti ìyàwó rẹ̀, Ellanora Needles, tí ó ti fẹ́ láti 1940, kọ ara wọn sílẹ̀.

Bí nǹkan ti rí fún un nìyí nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ Superman lọ̀ ọ́ ní 1951. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ará Cleveland, Jerry Siegel àti Joe Shuster, ni wọ́n dá Superman sílẹ̀, ó sì kọ́kọ́ jáde nínú ìwé alàwòrán ní 1938. Kirk Alyn ti ṣe é nínú sinimá ní 1948 àti 1950. Iṣẹ́ náà kò wu Reeves púpọ̀, nítorí àwọn òṣèré ìgbà náà kò ka tẹlifíṣọ̀n sí nǹkan. Ó rò pé àwọn tí yóò wò ó kò ní pọ̀. Ó gbà á nítorí owó. Wọ́n kọ́kọ́ ya sinimá kúkúrú kan, Superman and the Mole Men, lẹ́yìn náà ni Adventures of Superman bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1952. Kellogg's, àwọn tí ń ṣe oúnjẹ àárọ̀, ni ó ń náwó sí i. Títí tí ó fi parí ní 1958, apá 104 ni wọ́n ṣe.

A fẹ́ kí ẹ mọ bí wọ́n ti ń ṣe é, nítorí ẹni tí ó bá wo àwọn sinimá ìsinsìnyí, tí wọ́n fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ṣe gbogbo iṣẹ́ ìyanu inú wọn, lè fojú tẹ́ńbẹ́lú ti àtijọ́. Kò sí àwọ̀ nínú àwòrán ọdún méjèèjì àkọ́kọ́, nítorí náà aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ àti eérú ni wọ́n dá fún Reeves dípò pupa àti búlúù, kí ó lè hàn dáadáa. Wọ́n ki tìmùtìmù sínú aṣọ náà kí igẹ̀ àti apá rẹ̀ lè tóbi sí i, ooru rẹ̀ sì pọ̀ lábẹ́ iná àwọn ayàwòrán. Láti fò, wáyà ni wọ́n kọ́kọ́ fi fà á sókè. Wáyà já lọ́jọ́ kan, ọkùnrin tí kò sí ohun tí ó lè pa á sì já lulẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ pákó kan tí ń ta ènìyàn sókè, tí yóò sì gba ojú fèrèsé fò jáde sórí tìmùtìmù tí kámẹ́rà kò rí. Ẹni tí ó ti lé ní 40 ọdún ni ń ṣe èyí láti ọdún dé ọdún.

Àwọn olùwòran a máa fi àwọn nǹkan kan nínú eré náà ṣe yẹ̀yẹ́ títí di òní. Wọn a ní àwọn olè yóò yin ìbọn lu Superman títí ọta yóò fi tán, òun yóò sì dúró gbọn-in. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ ìbọn òfìfo lù ú, kíá ni yóò tẹrí ba. Wọn a tún béèrè bí ó ti jẹ́ tí Lois Lane kò fi mọ̀ pé Clark Kent tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwé ìròyìn ni Superman, nígbà tí ó jẹ́ awò ojú nìkan ni ó pín wọn níyà. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, ní tiwa, Clark Kent yẹn gan-an ni ọlá Reeves wà. Àwọn mìíràn tí ó ṣe é lẹ́yìn rẹ̀ sọ Kent di ojo tí ń kọsẹ̀ kiri. Reeves ṣe é bí ọkùnrin ọlọ́gbọ́n, oníyọ̀nú, tí yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yanjú ọ̀ràn kí ó tó bọ́ṣọ rárá. Ọmọ tí ń wò ó lè gbà pé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ wà ní àdúgbò òun.

Àwọn ọmọdé sì gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ẹnìkan wà nínú ẹ̀kú, ṣùgbọ́n a kì í dárúkọ rẹ̀. Ti Reeves le ju ìyẹn lọ, nítorí ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, síbẹ̀ wọn kò rí i. Níbi tí ó bá lọ, ọmọdé yóò rọ̀ mọ́ ọn. Kì í mu sìgá níbi tí wọ́n lè ti rí i. Ní 1954 ó ṣe sinimá kékeré kan fún ìjọba Amẹ́ríkà láti kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé bí a ti ń fi owó pamọ́. Wọ́n tún ń sọ pé ọmọ kan gbé ìbọn bàbá rẹ̀ wá láti wò bóyá ọta yóò ta dànù lára rẹ̀, àti pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni Reeves fi gba ìbọn náà. Àwọn tí ó wádìí rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ kò rí ẹ̀rí kan dì mú, ṣùgbọ́n ìtàn náà kò kú.

Ìfẹ́ yìí kan náà ni ó há a mọ́. Ìwé àdéhùn rẹ̀ sọ pé bí wọ́n bá pè é, láàárín oṣù kan ó gbọ́dọ̀ padà wá ya Superman, nítorí náà iṣẹ́ ńlá mìíràn ṣòro láti gbà. Ó hàn nínú From Here to Eternity ní 1953, sinimá tí ó gba ẹ̀bùn Oscar mẹ́jọ. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń sọ pé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi sinimá náà han àwọn ènìyàn, wọ́n pariwo Superman bí wọ́n ti rí i, àwọn tí ó ṣe é sì gé ọ̀pọ̀ ipa rẹ̀ kúrò. Olùdarí rẹ̀, Fred Zinnemann, sẹ́ pátápátá, ó ní ohun gbogbo tí àwọn yà ni ó wà níbẹ̀. Àwa gba ọ̀rọ̀ Zinnemann gbọ́. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni pé lẹ́yìn rẹ̀ kò sí ipa bẹ́ẹ̀ tí ó tún bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó kọ́ iṣẹ́ ìdarí, ó sì darí apá mẹ́ta tí ó kẹ́yìn Superman fúnra rẹ̀.

Ní òru ọjọ́ 16 oṣù Júùnù 1959, ọta ìbọn pa á nínú yàrá rẹ̀ ní Los Angeles, nígbà tí àwọn àlejò wà nísàlẹ̀ ilé pẹ̀lú Leonore Lemmon, àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ọmọ ọdún 45 ni. Ìjọba ní ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ kò gbà. Ó gba agbẹjọ́rò ńlá kan, Jerry Giesler, ó sì ń jà títí ó fi kú ní 1964. Láti ìgbà náà ni àwọn òǹkọ̀wé àti olólùfẹ́ ti ń fura sí ẹni yìí àti ẹni yẹn, sinimá Hollywoodland tí Ben Affleck ti ṣe Reeves ní 2006 sì tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. A kò ní fi ẹ̀sùn kan òkú tí kò lè dáhùn. Ohun tí ó dùn wá jù ni pé àwọn ọmọ tí ó rò pé ọta ìbọn kò lè wọ̀ ọ́ ni wọ́n ní láti gbọ́ bí ó ti kú.

Àwọn kan ń sọ pé ègún wà lórí Superman, pàápàá lẹ́yìn tí Christopher Reeve já láti orí ẹṣin ní 1995. A kò gbà wọ́n gbọ́. Jack Larson, tí ó ṣe Jimmy Olsen pẹ̀lú Reeves, pé ọdún 87 kí ó tó kú ní 2015. Noel Neill, tí ó ṣe Lois Lane, pé 95 kí ó tó kú ní 2016. Àwọn méjèèjì ni wọ́n hàn nínú Superman Returns ní 2006, ní ipa kéékèèké tí àwọn ọ̀dọ́ lè má kíyè sí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbàlagbà tí ó wà nínú gbọ̀ngàn sinimá mọ̀ wọ́n lójú ẹsẹ̀.